Iná Ajórin



Bí férémù kẹ̀kẹ́ yín bá kán lójú ọ̀nà, ẹ mọ ibi tí ẹ ó gbé e lọ. Ẹ ó bá ọ̀gá ajórin níbẹ̀ pẹ̀lú awò dúdú lójú, ẹ ó sì gbọ́ òórùn kan tí ó jọ ti ááyù. Òórùn náà kò ṣàjèjì sí ẹni tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọdẹ, nítorí kábáìdì tí ọdẹ ń fi sínú àtùpà orí rẹ̀ náà ni ọ̀gá fi ń jórin.

Kábáìdì dà bí òkúta. Bí omi bá kàn án, a máa hó, gáàsì asẹ́tílíìnì a sì jáde lára rẹ̀. Thomas Willson, ọmọ Kánádà, ni ó ṣèèṣì rí ọ̀nà tí a fi lè ṣe kábáìdì lọ́pọ̀ yanturu ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1892. Nǹkan mìíràn ni ó ń wá. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1903, Fouché àti Picard ní ilẹ̀ Faransé ti ṣe ọ̀pá tí ń po gáàsì yìí mọ́ ọ́síjìn. Iná rẹ̀ gbóná tó nǹkan bí 3,100 lórí òṣùwọ̀n Celsius, bẹ́ẹ̀ ni irin a máa yọ́ ní nǹkan bí 1,540. Alágbẹ̀dẹ ní láti fẹ́ ẹwìrì títí irin yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ funfun, kí ó tó fi ọmọ owú lù ú pọ̀. Ajórin kì í lu nǹkan kan. Irin yọ́, ó ṣàn pọ̀, ó dì.

Wíwo iná ni ọmọ-iṣẹ́ kọ́kọ́ ń kọ́. Bí wọ́n bá ṣáná sí gáàsì nìkan, yóò pọ́n, yóò máa rú èéfín dúdú. Bí wọ́n ti ń ṣí ọ́síjìn díẹ̀díẹ̀, ṣóńṣó funfun kékeré kan yóò yọ lẹ́nu ọ̀pá. Bí nǹkan bí ìyẹ́ bá ṣì yí ṣóńṣó náà ká, gáàsì pọ̀ jù. Ojú ibi tí a jó yóò le, yóò sì máa kán. Bí iná bá kúrú, tí ó ń dún ṣìì bí ejò tí inú ń bí, ọ́síjìn ni ó pọ̀ jù, yóò sì ba irin jẹ́ bí ìdàrọ́. Àárín méjèèjì ni ọ̀gá ń wá, ojú ni ó sì fi ń mọ̀ ọ́n.

Ọwọ́ kan di iná mú, ọwọ́ kejì ń fi wáyà bọ́ ọ. Fún férémù kẹ̀kẹ́ tí páìpù rẹ̀ fẹ́lẹ́, wáyà idẹ àti bóráàsì ni ọ̀gá tí ó mọṣẹ́ sábà ń lò. Idẹ nìkan ni yóò yọ́. Irin yóò kàn pọ́n wẹ́ẹ́. Mo ti rí oníbàárà tí ó bínú pé idẹ ni wọ́n fi lẹ kẹ̀kẹ́ òun. Kò mọ̀ pé wọ́n ṣàánú férémù náà ni.

Ẹ̀yin ọmọ-iṣẹ́, ẹ má fi ọwọ́ tí gíríìsì wà lára rẹ̀ kan ẹnu ìgò ọ́síjìn. Gíríìsì lè gbiná níbẹ̀ láìsí ìṣáná.

Ṣùgbọ́n táńkì epo ọkọ̀ ni ó mú mi wá lálẹ́ yìí gan-an. Oníbàárà á gbé èyí tí ń jò wá, á ní, “Ọ̀gá, ẹ bá mi yára jó o, mo ti da epo inú rẹ̀ nù láti àná.” Ẹ jọ̀ọ́, òfìfo táńkì ni ẹ bẹ̀rù! Oru bẹntiróò tí ó pò mọ́ afẹ́fẹ́ nínú rẹ̀ ni ó ń bú gbàmù. Oru náà a máa fara pamọ́ sínú ìpẹta àti ibi tí irin ti so pọ̀, kódà nígbà tí imú kò gbọ́ òórùn kankan mọ́.

Kí wọ́n fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ̀ ọ́ ní àfọ̀túnfọ̀. Kí wọ́n dojú ibi tí ń jò sókè, kí wọ́n rọ omi kún un títí yóò fi ku díẹ̀ kí ó dé ibẹ̀, kí wọ́n sì ṣí ìdérí rẹ̀ sílẹ̀ kí oru lè ríbi jáde. Iṣẹ́ yìí ń gba àkókò. Ẹ má kánjú ọ̀gá.

Ẹ bi í léèrè bí yóò ti ṣe é. Bí ó bá ní òun yóò kàn ṣí i kí atẹ́gùn fẹ́ sí i, ẹ gbé táńkì yín lọ síbòmíràn, kí ẹ sì jẹ́ kí àwọn ọmọ-iṣẹ́ rẹ̀ gbọ́ ìdí tí ẹ fi gbé e.

Ó dàárọ̀ o.