Ọkàn àti Kíndìnrín Ajá Wa

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí kò gùn. Ọ̀rọ̀ ajá ni.

Ó lè ya ẹlòmíràn lẹ́nu, kó ní, "Ajá kẹ̀?" Ẹ wo àdúgbò wa ná. Láti Ìbà dé Ọ̀jọ́, láti Ìyànà Ìbà dé Okokomaiko, ilé mélòó ni ajá kò ṣọ́ lóru? Bí olè bá fẹ́ fo ògiri, ajá ni í kọ́kọ́ pariwo. Ẹni tó ń ṣọ́ wa, ó yẹ kí á ṣọ́ òun náà. Àìsàn là á wò, ẹnìkan kì í wo ikú.

Àìsàn tí a fẹ́ sọ nípa rẹ̀ kì í dá nìkan wá. Ibi méjì ni í ti mú ajá lẹ́ẹ̀kan náà: ọkàn àti kíndìnrín.

Kí ni iṣẹ́ wọn? Inú àyà ni ọkàn wà. Òun ló ń ti ẹ̀jẹ̀ káàkiri ara, tọ̀sán tòru, kì í sinmi. Kíndìnrín jẹ́ méjì, abẹ́ egungun ẹ̀yìn ni wọ́n wà. Àwọn ló ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀, bí ìyá ṣe ń fi asẹ́ sẹ́ ògì. Ìdọ̀tí a bá ìtọ̀ jáde, èyí tó dára a padà sínú ara. Bí a bá pín ẹ̀jẹ̀ tí ọkàn ń tì jáde sí ọ̀nà 5, nǹkan bí ọ̀nà 1 nínú rẹ̀ ló ń lọ sí kíndìnrín. Ẹ rí i pé wọn kò lè ya ara wọn. Ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, ni ọwọ́ fi ń mọ́. Bí ọ̀kan bá ṣàìsàn, èkejì kò ní í pẹ́ mọ̀ ọ́n lára.

Ní ọdún 2015, àwọn dókítà ẹranko kan láti òkè òkun kó ìmọ̀ wọn jọ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n sọ pé ọ̀nà mẹ́ta ni àìsàn méjèèjì fi ń pàdé.

Ọ̀nà kìíní, ọkàn ló kọ́kọ́ ṣàìsàn. Bí ajá bá dàgbà, pàápàá àwọn ajá kékeré, ìlẹ̀kùn inú ọkàn lè bàjẹ́, tí kò ní lè pa dé dáadáa mọ́. Ẹ̀jẹ̀ á máa padà sẹ́yìn. Ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó dé kíndìnrín á dín kù, kíndìnrín á sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀.

Ọ̀nà kejì, kíndìnrín ló kọ́kọ́ ṣàìsàn. Ẹ̀jẹ̀ ajá náà lè máa ru, bó ṣe ń ru lára ènìyàn. Ọkàn á wá máa ti ẹ̀jẹ̀ pẹ̀lú agbára ju bó ti yẹ lọ, títí yóò fi rẹ òun náà.

Ọ̀nà kẹta, àìsàn mìíràn ló wọlé, tó sì dojú ìjà kọ méjèèjì. Ọ̀nà yìí ni kí ẹ̀yin ará Ìbà fetí sí jù, torí pé ẹnu ọ̀nà wa ló gbà wọlé. Eégbọn ni.

Ẹ má fi eégbọn ṣeré o. Àwọn olùwádìí ti rí kòkòrò kan tí wọ́n ń pè ní Babesia nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn ajá wa ní Nàìjíríà. Eégbọn ló ń gbé e láti ara ajá kan sí òmíràn. Bí kòkòrò náà bá wọ inú ẹ̀jẹ̀, á máa fọ́ ohun pupa inú ẹ̀jẹ̀. Èrìgì ajá á funfun, ara rẹ̀ á gbóná, kò ní í fẹ́ jẹun. Ìtọ̀ rẹ̀ lè pọ́n tàbí kó dúdú bí omi sóbò. Ẹ̀jẹ̀ tó fọ́ yẹn ń ba kíndìnrín jẹ́ bó ṣe ń gba ibẹ̀ kọjá. Lọ́wọ́ kan náà, ẹ̀jẹ̀ tó kù kò tó mọ́, ọkàn á sì máa sáré kí ìwọ̀nba náà lè kárí ara. Ajá tó ń gbó lánàá lè má lè dìde lónìí.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti le jù, ìyẹn ọ̀rọ̀ oògùn.

Ká ní ajá bàbá kan ń wúkọ́ lóru, ikùn rẹ̀ sì wú. Ọkàn rẹ̀ ti rẹ̀, omi ti kún ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Dókítà á fún un ní oògùn tí ń fa omi jáde nípasẹ̀ ìtọ̀. Furosemide ni orúkọ rẹ̀, ọ̀pọ̀ mọ̀ ọ́n sí Lasix. Ajá á tọ̀, á tún tọ̀, mímí rẹ̀ á sì fúyẹ́. Oògùn náà dára. Ṣùgbọ́n bí ó bá pọ̀ jù, omi ara ajá á gbẹ, kíndìnrín á sì bàjẹ́.

Ká tún yí i padà. Ká ní kíndìnrín ajá ìyá kan ló ń ṣàìsàn, ara rẹ̀ sì ti gbẹ. Wọ́n á fa omi sí i lára. Ìyẹn náà dára. Ṣùgbọ́n bí ọkàn rẹ̀ kò bá lágbára, omi tí wọ́n fà sí i lè dà sí ẹ̀dọ̀fóró, kó sì pa á. Ẹ ò rí i? Ohun tó ń wo ọ̀kan sàn lè pa èkejì lára. Ìdí nìyí tí dókítà fi ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú oògùn díẹ̀, tó sì ń ní kí ẹ mú ajá padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì kí òun lè tún ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yẹ̀ wò. Kì í ṣe pé ó fẹ́ fi gba owó lọ́wọ́ yín. Àárín òkúta méjì ló ń rìn.

Nítorí náà, ẹ má ṣe lọ ra oògùn ajá lọ́wọ́ ẹni tí kì í ṣe dókítà ẹranko. Ẹ má fún un ní oògùn ìrora tiwa. Ibuprofen àti diclofenac lè ba kíndìnrín ajá jẹ́ kíákíá, paracetamol náà lè ṣe é léṣe. Ẹ má sì fi omi dù ú. Àwọn kan wà tí wọ́n á rí i pé ajá ń tọ̀ sílé, wọ́n á gbé omi kúrò níwájú rẹ̀. Háà! Bí ajá bá ń lo oògùn tí ń fa omi, tí ẹ sì tún fi omi dù ú, ẹ̀yin gan-an lẹ ń pa kíndìnrín rẹ̀ yẹn.

Kí ni kí á wá ṣe? Èkíní, ká gbógun ti eégbọn. Ká gé koríko àyíká ilé. Ká dí ihò ara ògiri, torí ibẹ̀ ni wọ́n ń sá pamọ́ sí. Ká máa wo inú etí ajá àti àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Ká gba oògùn eégbọn lọ́wọ́ dókítà. Kẹrosíìnì àti epo mọ́tò tí wọ́n ti lò kì í ṣe oògùn eégbọn, ìyà ni wọ́n ń fi jẹ ajá.

Èkejì, ká máa wo omi tí ajá ń mu. Ajá tó wúwo tó kílò 20, bí ó bá ń mu ju lítà 2 lọ lóòjọ́, ó yẹ ká bi dókítà. Lítà 2 ni píọ̀ wọ́tà mẹ́rin. Ẹ má dúró títí ajá á fi ṣubú, torí nígbà tí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ bá fi máa ń fi hàn pé kíndìnrín ti ṣàìsàn, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sábà máa ń ti lọ. Èyí tó ti kú kì í jí mọ́, ṣùgbọ́n a lè dáàbò bo èyí tó kù.

Ẹ̀kẹta, ká máa ka mímí rẹ̀. Ẹ dúró dìgbà tó bá sùn fọnfọn. Ẹ wo àyà rẹ̀. Bó bá gòkè tó sì sọ̀kalẹ̀, ẹyọ kan nìyẹn. Ẹ kà á fún ìṣẹ́jú kan. Bó bá ń ju 30 lọ, lálẹ́ òní àti lálẹ́ ọ̀la, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko. Bó bá sì ń jà fún èémí, ẹ má dúró de ọ̀la rárá. Bí ọ̀rọ̀ náà bá ju agbára dókítà ìtòsí lọ, ilé-ìwòsàn ẹranko ti yunifásítì wà ní Ìbàdàn, ó sì wà ní Abẹ́òkúta.

A mọ̀ pé owó ni gbogbo rẹ̀, owó kò sì sí nílẹ̀. Ṣùgbọ́n wíwo etí ajá kò gba kọ́bọ̀. Kíka mímí kò gba kọ́bọ̀.

Ó ku ohun kan. Ẹ̀yin tí ẹ ti kọ́ ìwé, ẹ ní ohun tí ẹ lè ṣe fún ajá yín tí ẹni tí kò mọ̀wé kò lè ṣe. Ẹ wá ìwé pélébé kan. Ẹ kọ ọjọ́ sí i, ẹ kọ iye mímí, iye omi tó mu, oògùn tó lò àti wákàtí tó lò ó. Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ dókítà, ẹ gbé e lé e lọ́wọ́. Ibẹ̀ ni yóò ti mọ̀ bóyá oògùn pọ̀ jù tàbí ó kéré jù. Ajá kò lè sọ pé, "Àyà ń dùn mí." Ìwé tí ẹ bá fi ọwọ́ ara yín kọ ni yóò bá a sọ ọ́.

Ilé wa kò ní í tú, ajá tó ń ṣọ́ ọ kò sì ní í fi àìsàn tó ṣeé tètè rí ṣòfò.