Ẹrù Inú Sítọ́ọ̀ àti Owó Oṣù Wa
(Ọ̀rọ̀ tí àwa òṣìṣẹ́ sítọ́ọ̀ sọ níwájú ìpàdé ẹ̀ka)

Ẹ ní kí àwa ará sítọ́ọ̀ wá ṣàlàyé bí a ti ń ka ẹrù àti bí a ti ń ra òmíràn. Ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò kàn yín. Nígbà òjò tó kọjá, bẹ́líìtì ẹ̀rọ kan já, kò sí òmíràn nílẹ̀, ẹ̀rọ dúró fún ọjọ́ mẹ́ta. Wọ́n ní kí àwọn tó wà nídìí rẹ̀ máa lọ sílé, wọn kò sì san owó ọjọ́ mẹ́ta náà. Wọ́n tún fún ọ̀kan nínú wa ní kúérì. Bẹ́ẹ̀, ó ti kọ̀wé sí ọ́fíìsì ṣáájú pé ẹyọ kan péré ló kù. Èsì tó gbà ni pé kó dúró di ìparí oṣù.

Èyí ni ọ̀nà kìíní: ní ìparí oṣù ni a ó ka ẹrù, tí a ó ra èyí tó dín. Ó rọrùn, ìwé rẹ̀ kò pọ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé bí ẹrù bá tán ní ọjọ́ kẹwàá, a ó máa wò ó títí oṣù yóò fi parí.

Ọ̀nà kejì ni ti ààlà. Bí a bá ń lo bẹ́líìtì 4 lọ́sẹ̀, tí ó sì ń gba ọ̀sẹ̀ 3 kí òmíràn tó dé, a ó ti lo 12. Ẹ fi 4 kún un nítorí ìdádúró ọ̀nà, ó di 16. Ọjọ́ tí ó bá ku 16 ni kí a ra òmíràn. Fún nọ́ọ̀tì àti bóòtù, àpótí méjì tó: bí ti àkọ́kọ́ bá ṣófo, ẹ ṣí ìkejì, ẹ ra òmíràn.

Mélòó ni ká rà? Bí a bá ń rà á díẹ̀díẹ̀, owó ọkọ̀ yóò pọ̀. Bí a bá rà á jù, owó yóò sùn sílẹ̀, rọ́bà yóò gbẹ. Ford W. Harris, ará Amẹ́ríkà, gbé ìṣirò rẹ̀ jáde ní 1913. Ẹ sọ iye tí à ń lò lọ́dún di ìlọ́po 2, ẹ fi owó tí ríra ẹ̀ẹ̀kan ń gbà sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ wá fi owó ìtọ́jú ẹyọ kan lọ́dún pín in. Iye tí ẹ bá fi ara rẹ̀ sọ di púpọ̀ tó fún yín ní èsì yẹn ni kí ẹ rà. Bí àpẹẹrẹ: bẹ́líìtì 200 lọ́dún, ₦10,000 fún ríra ẹ̀ẹ̀kan, ₦400 fún ìtọ́jú ẹyọ kan. Èsì rẹ̀ jẹ́ 10,000. Nítorí náà, 100 ni ká rà, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún.

Ọ̀nà kẹta ni ti Toyota ní Jàpáánù, tí Taiichi Ohno ṣe aṣáájú rẹ̀: kí ẹrù dé ní àkókò tí a fẹ́ lò ó gan-an. Kì í jẹ́ kí owó sùn. Ṣùgbọ́n ní February 1, 1997, iná jó ilé iṣẹ́ Aisin ní Kariya, tí ń ṣe fáàfù bíréèkì fún wọn. Nítorí pé èyí tó wà nílẹ̀ kò tó nǹkan, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ Toyota ní Jàpáánù dúró fún ọjọ́ mélòó kan. Bó bá lè rí bẹ́ẹ̀ fún wọn, kí ni ti àwa tí ẹrù wa ń pẹ́ ní èbúté?

Èrò wa ni pé kí ìkà ìparí oṣù wà fún ìgbálẹ̀ àti bírò. Kí ààlà wà fún ohunkóhun tí àìsí rẹ̀ ń dá ẹ̀rọ dúró. Kí ẹgbẹ́ bá wa béèrè ohun mẹ́ta: kí a kọ ààlà sórí káàdì, kí ẹni tó bá gba ìwé wa ní ọ́fíìsì fọwọ́ sí i, kó kọ ọjọ́, kí a má ṣe gé owó òṣìṣẹ́ nítorí ẹrù tí a kò rà.

Ẹ̀yin náà, ẹ má ṣe mú ẹrù láìkọ ọ́ sílẹ̀ mọ́. Káàdì tó ń parọ́ kò lè gbèjà ẹnikẹ́ni. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.