Àwo Orin Márùn-ún Láti Ọdún Kónílé-ó-gbélé

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi àpéjọ ẹgbẹ́ wa)

Alága wa, ẹ̀yin olùkọ́ wa tí ẹ yọ̀ǹda ara yín láti bá wa jókòó, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí a jọ ṣa kòkòrò nínú ẹ̀wà ilé oúnjẹ, ẹ fìdí kalẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ kò lè wá, tó jẹ́ pé inú ìwé yìí ni ẹ ti ń kà á, ẹ̀yin náà, ẹ fìdí kalẹ̀.

Nígbà tí akọ̀wé wa ní kí n wá sọ̀rọ̀, iṣẹ́ ìròyìn tí mò ń ṣe ló wà lọ́kàn rẹ̀. Mo ní rárá, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ orin. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ṣé o ò tíì jáwọ́ nínú orin ni?" N ò tíì jáwọ́ o. Ìdí wà tí mo fi fẹ́ sọ ọ́ lónìí, ẹ ó sì gbọ́ ìdí náà kí n tó jókòó.

Lọ́dọọdún, bí oṣù Kejìlá bá ti ń parí lọ, mo máa ń kọ orúkọ àwo orin márùn-ún tó wọ̀ mí lọ́kàn jù sínú ìwé kékeré kan. Ti ọdún 2020 ni mo mú wá. Kò sí ẹni tó lè gbàgbé ọdún náà nínú wa. Àrùn Kòrónà ti wọlé, nígbà tó sì di alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù Kẹta, òfin kónílé-ó-gbélé bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, Ògùn àti Àbújá. Kò sí ìgbéyàwó, kò sí òkú àgbà tí ènìyàn ń jó sí. Olórin tó jẹ́ pé ojú agbo ló ti ń jẹun wá di ẹni tó ń wo ògiri. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní Amẹ́ríkà àti ní Ìlú Ọba, níbi tí àwọn olórin tí mo fẹ́ dárúkọ yìí ti wá.

Irú orin wo ni? Orin tí àwọn Òyìnbó ń pè ní folk ni: gìtá, ohùn àti ìtàn. Ẹni tó bá mọ bí alápàlà ṣe ń fi ohùn pẹ̀lẹ́ kó ọgbọ́n síni létí á mọ ohun tí mò ń wí. Àwọn tó ń kọ ọ́ kò sí lábẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ àwo orin ńláńlá bíi Universal, Sony àti Warner. Ilé-iṣẹ́ kéékèèké ni wọ́n ń bá ṣe, àwọn mìíràn sì dá tiwọn sílẹ̀. Ẹ má pè é ní ohun àjèjì o. Ní 1969, I. K. Dairo onijùjú àti Haruna Ishola alápàlà pawọ́ pọ̀ dá Star Records sílẹ̀, kí olórin lè jẹ nínú òógùn ara rẹ̀. Ọwọ́ ara ẹni, òun la fi í tún ìwà ara ẹni ṣe.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn.

Ìkarùn-ún ni Saint Cloud, ti Waxahatchee. Katie Crutchfield, ọmọ Alabama, ló ń fi orúkọ yẹn kọrin. Orúkọ odò kékeré kan lágbègbè wọn ni. Àwo náà jáde lọ́jọ́ 27 oṣù Kẹta, nígbà tí gbogbo ayé ń ti ilẹ̀kùn. Ó ti fi ọtí sílẹ̀ ní 2018, orin ẹni tí ojú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wálẹ̀ ló sì kọ. Nínú àwo rẹ̀ ti 2017, ariwo gìtá pọ̀. Nínú èyí, ó rọra, gbogbo ọ̀rọ̀ ló ń dún ketekete.

Ìkẹrin ni Song for Our Daughter, ti Laura Marling, ọmọ Ìlú Ọba. Oṣù Kẹjọ ló yẹ kó jáde. Nígbà tó rí i pé ènìyàn há mọ́lé, ó ní kò sídìí tí òun á fi dì í mú, ó gbé e jáde lọ́jọ́ 10 oṣù Kẹrin. Ó ń bá ọmọbìnrin kan sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ bí ìyá ti ń kìlọ̀ fọ́mọ, bẹ́ẹ̀ kò tíì bímọ nígbà náà. Ìwé Maya Angelou tó ń jẹ́ Letter to My Daughter ló fún un lérò náà. Maya Angelou fúnra rẹ̀, ọmọkùnrin kan ṣoṣo ló bí. Ẹ̀yin ìyá ọlọ́mọbìnrin, ẹ wá a gbọ́.

Ìkẹta ni Shore, ti Fleet Foxes. Ó jáde lọ́jọ́ 22 oṣù Kẹsàn-án, ní ìṣẹ́jú gan-an tí ọ̀sán àti òru dọ́gba. Robin Pecknold, olórí wọn, ti ní ohùn orin nílẹ̀, ọ̀rọ̀ ni kò rí fi sí i. Ìgbà tó ń dá wa ọkọ̀ kiri lọ́dún náà ni ọ̀rọ̀ wá. Ṣé kí n purọ́? Orin 15 pọ̀ jù. Tó bá dé àárín, oorun a máa fẹ́ gbé mi. Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ dà bí afẹ́fẹ́ etí òkun lójú ẹni tó ti pẹ́ nínú yàrá.

Ìkejì ni songs, ti Adrianne Lenker. Ó ń bá ẹgbẹ́ rẹ̀, Big Thief, ṣeré káàkiri nígbà tí àrùn dá wọn dúró. Ìfẹ́ rẹ̀ tún ti tú ká. Ó gba ilé onípákó oníyàrá kan lọ ní Massachusetts, ẹnìkan tó mọ̀ nípa gbígba ohùn sílẹ̀ sì bá a níbẹ̀. Téèpù ni wọ́n lò, wọn ò lo kọ̀ǹpútà. Ẹ ó gbọ́ ẹyẹ níta. Ẹni tó bá ń ṣọ̀fọ̀, kó má dá nìkan gbọ́ ọ lóru o.

Ìkíní ni All the Good Times, ti Gillian Welch àti David Rawlings. Ilé wọn ní Nashville ni àwọn méjèèjì jókòó sí, tàwọn ti gìtá wọn, wọ́n kọ orin mẹ́wàá sínú téèpù. Orin àtijọ́ àti orin tí ẹlòmíràn kọ ni gbogbo rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tiwọn, Acony, ló gbé e jáde. Ní oṣù Kẹta 2021, ó gba ẹ̀bùn Grammy fún àwo folk tó dára jù. Ti Laura Marling wà lára àwọn tí wọ́n jọ du ú.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe Grammy ló gbé e sípò kìíní fún mi. Ní òru mọ́jú ọjọ́ 3 oṣù Kẹta 2020, ìjì líle kan jà ní Nashville, ó ba òrùlé sítúdíò wọn jẹ́, omi ń wọlé. Àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí gbé téèpù wọn sá fún omi nínú òkùnkùn. Nínú ọdún yẹn náà, wọ́n kó orin 48 tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ láti 2002 jáde nínú àwo mẹ́ta. Ọdún 18 ni orin wọ̀nyẹn fi wà nílẹ̀.

Nígbà tí mo ka èyí, ara mi bù máṣọ. Ìdí tí mo ní ẹ ó gbọ́ rèé.

Ẹ̀yin tí a jọ jáde, ẹ rántí alẹ́ àṣà tí a ṣe kẹ́yìn. A gba orin wa sílẹ̀ sínú kásẹ́ẹ̀tì: ẹgbẹ́ akọrin, ìlù, àti rárà tí ọ̀rẹ́ wa yẹn sun títí ọ̀gá àgbà fi dìde dúró. Ọwọ́ mi ni ẹ fi í sí. Tí ẹ bá ti bèèrè rẹ̀, èsì mi kan náà ni: "Ó wà nílé." Kò sí nílé. Nígbà tí mo wà ní Pólì, òjò wọ yàrá tí mo háyà. Mo gbé tẹlifíṣọ̀n mi. Mo gbé bàtà mi. Páálí tí kásẹ́ẹ̀tì wà nínú rẹ̀ wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo sì mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ilẹ̀ mọ́, téèpù ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe.

Ọ̀rẹ́ wa tó sun rárà ti lọ. Ìyàwó rẹ̀ bi mí léèrè kásẹ́ẹ̀tì náà, kí àwọn ọmọ lè gbọ́ ohùn bàbá wọn. Òun nìkan ni mo sọ òótọ́ fún. Lónìí, mo sọ ọ́ fún gbogbo yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ foríjì mí.

Kí wá ni ká ṣe? Àkọ́kọ́, ẹ máa sanwó orin. Lọ́jọ́ 20 oṣù Kẹta 2020, Bandcamp, tí ń bá olórin ta orin lórí íntánẹ́ẹ̀tì, yọ̀ǹda ìpín tirẹ̀ fún wọn. Dọ́là mílíọ̀nù 4.3 ni àwọn ènìyàn fi ra ọjà lọ́jọ́ kan yẹn. Owó kékeré kékeré ló di púpọ̀ bẹ́ẹ̀.

Èkejì, tí a bá jẹun tán, n óò wà lábẹ́ igi iwájú ọ́fíìsì àtijọ́. Fóònù mi á wà ní títàn. Ẹni tó bá rántí orin kankan nínú ti alẹ́ yẹn, kó wá kọ ọ́, kódà bí ohùn bá ti há. Ẹni tó bá rántí bí rárà yẹn ṣe lọ, kó wá sọ èyí tó bá rántí. Ẹ̀yin tí ẹ wà lókèèrè, ẹ gbà á sílẹ̀, ẹ fi ránṣẹ́ sí akọ̀wé. Ẹni mẹ́ta ni yóò máa pa á mọ́ lọ́tẹ̀ yìí, ilé mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni yóò sì wà. Àwọn ọmọ rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ gbọ́ ọ.