Ohùn Ta Ni Ó Wà Nínú Orin? Orin Ìgbàlódé àti Iyì Àwọn Ọmọbìnrin Wa

Ohun tí à ń pè ní ìtìjú àti iyì ara ẹni kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni níhìn-ín, n kò sì ní fi àlàyé rẹ̀ jẹ àkókò. Orin ìgbàlódé náà, ẹ mọ̀ ọ́n. Òun ló ń dún ní Ọjà Ọba, ọjà ìlú wa, láti àárọ̀ títí di ìgbà tí wọ́n bá ń pàtẹ alẹ́. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ fìdí ẹ̀ múlẹ̀. Ìsọkúsọ inú orin yìí burú, ṣùgbọ́n ohun tó burú jù ú lọ ni pé orin náà ń sọ ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin láìjẹ́ kó lanu, ó sì ń díye lé e láìbi í.

Àwọn kan wà tí a ti jọ ń fa ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́. Wọ́n á ní: ṣebí ọdún Òkè Ìbàdàn ti wà kí a tó bí Olamide, olórin ìgbàlódé? Òótọ́ ni. Lọ́jọ́ ọdún náà, tọkùnrin tobìnrin ń fi orin dárúkọ ohun tí a kì í dárúkọ ní gbangba, ẹnikẹ́ni kì í bínú. Ṣùgbọ́n ọdún ni. Ó ní ọjọ́ tirẹ̀, bí ọjọ́ náà bá sì ti lọ, irú orin bẹ́ẹ̀ ti bá a lọ. Bí ọkùnrin bá sì kọ orin náà sí obìnrin, obìnrin á fi èyí tó gbóná jù ú lọ dá a lóhùn. Ọmọ tó ń ta tòmátì lọ́jà wa lónìí kò ní ọjọ́ kankan tí orin náà ń kásẹ̀ nílẹ̀. Ọmọkùnrin tó jókòó ti kọ̀ǹpútà lábẹ́ agboòrùn, tó ń ko orin sínú mẹ́mórì káàdì fún oníbàárà, ní láti jẹ́ kí ọjà rẹ̀ dún kó tó tà. Ohun tó bá dún níbẹ̀ ni ọmọ onítòmátì yóò kọ délé. Bó bá fẹ́ fèsì, ta ni yóò fún lésì?

Ẹ jẹ́ kí a dé Òkukù, ìlú kan ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tí kò jìnnà síbí. Karin Barber, tó ti kọ́ni ní Yunifásítì Ifẹ̀, gbé ìlú náà, ó sì tẹ ìwé jáde ní 1991 lórí oríkì àti àwọn obìnrin ibẹ̀. Ó fún rárà ìyàwó láàyè tó tó nínú rẹ̀. Láyé àtijọ́, kí ọmọbìnrin tó relé ọkọ, yóò ti kọ́ rárà yìí lẹ́nu àwọn tó ṣíwájú rẹ̀. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, á wọṣọ tó dára jù, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á tẹ̀lé e, á máa ti agbo ilé kan bọ́ sí òmíràn, á máa sun rárà. Á ki ìdílé rẹ̀, á dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá àti ìyá, á fi ẹwà ara rẹ̀ yangàn, á sì sọ ẹ̀rù tó ń bà á nípa ilé tó ń lọ. Àgbà á dúró gbọ́ ọ. Bó bá mẹ́nu kan ìbálé, òun fúnra rẹ̀ ló ń sọ ọ́, kò sí ọkùnrin tó ń bá a ṣírò rẹ̀. Ẹ má sì rò pé mò ń ní ayé àtijọ́ dára jù: mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú wọn kò yan ọkọ fúnra wọn, ẹkún ọjọ́ náà kì í sì í ṣe ẹkún ẹnu lásán nígbà mìíràn. Síbẹ̀, ní ọjọ́ tí ayé rẹ̀ ń yí padà, ìlú gbà pé ẹnu ọmọbìnrin ni ọ̀rọ̀ náà ti gbọ́dọ̀ jáde. Àwọn ọ̀rẹ́ wa tó máa ń fi arugbá, ọmọbìnrin tó ń ru igbá lọ́jọ́ ọdún Ọ̀ṣun, ṣe àpẹẹrẹ ọmọlúwàbí, mo bọ̀wọ̀ fún arugbá. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ṣoṣo ni lọ́dún, a kò sì retí ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀; igbá ló ń rù. Mo fara mọ́ ìyàwó Òkukù gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ fún àwọn ọmọbìnrin yòókù.

Ẹ wá fi èyí wé orin ìgbàlódé. Ní 2014, nígbà tí Olamide gbé orin rẹ̀, Story for the Gods, jáde, ọ̀pọ̀ ènìyàn fẹ̀sùn kan orin náà pé ó fi ìfipábánilòpọ̀ ṣeré. Ohun tó ká mi lára ni pé ọmọbìnrin wà nínú ìtàn náà, ṣùgbọ́n ẹnu ọkùnrin ni a ti ń gbọ́ ohun tó sọ. Àwọn ọ̀dọ́ á ní ìlù làwọn ń jó sí, àwọn kò gbọ́ ọ̀rọ̀. Ẹ má tan ara yín. Ọmọ tí kò lè ka ìlà mẹ́rin ewì tí olùkọ́ fún un mọ orin yẹn dópin. Ẹ̀yin òbí náà ńkọ́? Lóde ìkómọ, ọmọ ọdún mẹ́fà á mi ìdí, ẹ̀yin tí ẹ bí i lọ́mọ á máa lẹ náírà mọ́ ọn níwájú. Ibẹ̀ ló ti kọ́kọ́ mọ owó tí ìdí rẹ̀ ń pa, kì í ṣe lẹ́nu olórin.

Ní ti aṣọ àwọn ọmọbìnrin: ẹni tó bá ń wọn gígùn síkẹ́ẹ̀tì ọmọ, tí kò bi í léèrè ohun tó rò nípa ara rẹ̀, kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ti ìfòfindè ńkọ́? Ní 2017, NBC, àjọ tó ń ṣàkóso ilé iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ní Nàìjíríà, ní kí wọ́n má gbé àwọn orin kan sáfẹ́fẹ́ mọ́, Fall ti olórin Davido wà lára wọn. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, Fall dé orí àtẹ Billboard l'Amẹ́ríkà. Òfin rédíò kò dé inú fóònù.

Dípò ìfòfindè, ẹ jẹ́ kí a fún ọmọbìnrin láàyè láti kọrin tirẹ̀. Salawa Abeni, olórin wákà, kò ju ọmọ ọdún 15 lọ nígbà tó gbé àwo wákà rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1976, ikú olórí orílẹ̀-èdè, Murtala Mohammed, ló sì kọrin lé lórí. Nítorí náà, ẹ̀bẹ̀ mi sí àwọn ilé ẹ̀kọ́ wa, láti Òṣogbo dé Iléṣà, ni pé kí àwọn ọmọbìnrin máa kọ́ rárà nínú iṣẹ́ Yorùbá, kí wọ́n sì máa fi ọ̀rọ̀ ayé tiwọn sun ún. Kí OSBC, ilé iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, fún wọn ní ìdajì wákàtí lọ́sẹ̀. Àwọn ìyá tó sun rárà lọ́jọ́ ìgbéyàwó wọn ṣì wà láàyè ní agbègbè wa. Kí àwọn olùkọ́ tètè lọ bá wọn.