Ìdọ̀bálẹ̀ Nìkan Kò Tó

Ọ̀rọ̀ àárín àgbà àti ọmọdé ni a gbé kalẹ̀ fún ìjíròrò. Bí a bá bi Yorùbá léèrè bí a ti í bọ̀wọ̀ fún àgbà, ìdọ̀bálẹ̀ àti ìkúnlẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ dárúkọ. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó ń dọ̀bálẹ̀ fún bàbá àgbà rẹ̀ láràárọ̀, tí kò béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ rẹ̀ títí bàbá fi wọ káà ilẹ̀ sùn, kí ni ó jogún nínú ọgbọ́n rẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí a wo Àlùfáà Samuel Johnson. Kì í ṣe ilẹ̀ Yorùbá ni a bí i sí. Ìlú Hastings ní Sàró ni, ní 1846. Nígbà tí ó fẹ́ kọ ìtàn Yorùbá, ó tọ àwọn arọ́kin Ọ̀yọ́ lọ, àwọn tí iṣẹ́ ìdílé wọn jẹ́ láti tọ́jú ìtàn àwọn Aláàfin sínú, ó sì ń bi wọ́n léèrè. Ohun tí ó ń bà á lẹ́rù ni pé àwọn àgbà tí ó mọ ìtàn náà ń kú tán lọ. Ó parí iṣẹ́ náà ní 1897, ó fi í ránṣẹ́ sí Ìlú Ọba fún títẹ̀, ibẹ̀ ni ó sì sọnù sí. Johnson kú ní 1901. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ni ó fi àwọn àkọsílẹ̀ tí ó kù tún ìwé náà kọ, tí ó fi jáde ní 1921. Ìwé sọnù, a sì rí i tún kọ, nítorí pé ẹnìkan ti béèrè, ó ti kọ èsì sílẹ̀. Àgbà tí a kò bi léèrè, bí ó bá lọ, kí ni a ó fi tún tirẹ̀ kọ?

Ẹ̀bi náà kì í ṣe ti ọmọdé nìkan. Àgbà tí ó ń fi ìbínú pa ọmọ tí ó béèrè lẹ́nu mọ́ ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ọgbọ́n ara rẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ ni a kò sọ pé kí ọmọdé gba gbogbo ohun tí àgbà wí gbọ́ láìyẹ̀ ẹ́ wò. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà: kí ó bi àgbà kejì pẹ̀lú.

Ẹ̀yin olùkọ́, nígbà ìsinmi, ẹ rán akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan sí àgbà kan. Báwo ni àgbẹ̀ ti í fi ewé nìkan mọ ewùrà yàtọ̀ sí èsúrú? Báwo ni ìyá aláró ti í fi ojú àti imú mọ̀ pé aró inú ìkòkò ti tó rẹ aṣọ? Kí ó kọ ọ̀rọ̀ náà bí àgbà ti pè é, ní ẹ̀ka-èdè rẹ̀ gan-an. Kí ó kọ orúkọ àgbà náà sí i. Kí ó sì padà lọ kà á sí i létí, kí àgbà lè tún ibi tí ó wọ́ ṣe. Nígbà náà ni ìdọ̀bálẹ̀ yóò ní ìtumọ̀ kíkún.