Bí A Ti Í Dán Ọ̀rọ̀ Wò: Ẹ̀kọ́ Lára Ẹṣin Hans

Ohun tí a fẹ́ bá yín sọ ni ọ̀nà tí àwọn tí ń wádìí ìṣe ọkàn fi ń ya òtítọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí ó jọ òtítọ́. Kí ó lè yé wa yékéyéké, ẹ jẹ́ kí á wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ìlú Berlin, ní ilẹ̀ Jámánì, ní ọdún 1904.

Ọ̀gbẹ́ni Wilhelm von Osten, tí ó ti jẹ́ olùkọ́ ìṣirò rí, ní ẹṣin kan tí ń jẹ́ Hans. Bí a bá bi Hans pé, mẹ́ta àti mẹ́rin jẹ́ mélòó, yóò fi pátákò lu ilẹ̀ nígbà méje, yóò sì dúró. Olówó rẹ̀ kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ àwọn tí ń wá wò ó. Ìgbìmọ̀ kan, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Carl Stumpf wà nínú rẹ̀, yẹ̀ ẹ́ wò ní oṣù kẹsàn-án, wọn kò sì rí ẹ̀tàn kankan.

Ǹjẹ́ ẹṣin náà mọ ìṣirò bí? Oskar Pfungst, tí ó ń bá Stumpf ṣiṣẹ́, mọ̀ pé àìrí ẹ̀tàn kì í ṣe ẹ̀rí ọgbọ́n. Ó ń yí ohun kan ṣoṣo padà lẹ́ẹ̀kan, ó sì ń fi ìyókù sílẹ̀ bí ó ti wà. Ó ṣe é kí olùbéèrè má mọ ìdáhùn. Hans ṣì í. Ó ṣe é kí ẹṣin má lè rí olùbéèrè; Hans tún ṣì í. Lọ́pọ̀ ìgbà ni ó tún un ṣe, kí ẹnikẹ́ni má baà pè é ní èèṣì.

Nígbà náà ni àṣírí tú. Olùbéèrè a máa tẹ orí ba díẹ̀ láti wo ẹsẹ̀ ẹṣin. Bí iye náà bá pé, a gbé orí sókè láìmọ̀, ẹṣin a sì dúró. Àwọn àgbà wa ní, ojú lọ̀rọ̀ wà. Ara ènìyàn ni Hans ń kà, kì í ṣe ìṣirò. Ní ọdún 1907 ni Pfungst tẹ ìwé ìwádìí náà jáde.

Ẹ kíyèsí i pé von Osten kì í ṣe ẹlẹ́tàn. Òun pàápàá kò mọ̀ pé òun ń fún ẹṣin ní àmì. Olóòótọ́ ènìyàn lè tan ara rẹ̀ jẹ. Ìdí nìyí tí àwọn tí ń dán oògùn wò lóde òní fi máa ń ṣètò rẹ̀, níbi tí ó bá ti ṣeé ṣe, kí aláìsàn àti oníṣègùn má mọ ẹni tí ó gba ojúlówó oògùn.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará, kí á má ṣe yára gba ohun ìyanu gbọ́, kí á má sì ṣe yára pe ọmọnìkejì wa ní òpùrọ́. Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ bi ara wa léèrè pé: bí a bá ti ṣìnà, kí ni yóò fi hàn wá?