DÓKÍTÀ TÍ Ó ṢẸ́KÙ FÚN WA

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá ní ìrọ̀lẹ́ yìí kì í ṣe ti aláìsàn, bí kò ṣe ti ẹni tí ń tọ́jú rẹ̀. Ẹnikẹ́ni nínú yín tí ó bá ti jí ní òwúrọ̀ kùtùkùtù kí ó lè tètè dé Ilé Ìwòsàn Ìjọba tí ó wà ní Ìgándò mọ ohun tí a ń wí. Ẹ ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì títí oòrùn yóò fi ga. Nígbà tí ó bá kàn yín, dókítà yóò bi yín ní ìbéèrè méjì, yóò kọ oògùn sínú ìwé, yóò sì ké sí ẹlòmíràn. Ẹ ó jáde pẹ̀lú ìkùnsínú pé kò tilẹ̀ wo ojú yín. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a lọ dúró ní ẹ̀yìn tábìlì tirẹ̀.

Nínú ìkànìyàn ọdún 2006, 1,277,714 ènìyàn ni a kà ní Alímọ̀ṣọ́, ìjọba Èkó sì tẹnu mọ́ ọn pé a ju 2,000,000 lọ. Láti ìgbà náà, ibi tí ó kù ní oko ní Ìkòtún àti Ẹ̀gbẹ́dá ti di ilé. Ní ọdún 2025, Ọ̀jọ̀gbọ́n Muhammad Ali Pate, tí ó jẹ́ mínísítà ètò ìlera nígbà náà, wí pé dókítà tí ó ju 16,000 ti fi Nàìjíríà sílẹ̀ láàrin ọdún márùn-ún sí méje. Iṣẹ́ àwọn tí ó lọ kò bá wọn lọ. Orí àwọn tí ó kù ni ó bọ́ sí.

Àwọn kan a máa wí pé owó ni dókítà ń lé kiri. A kò lè sẹ́ ọ̀rọ̀ owó. Ní oṣù keje ọdún 2025, àwọn dókítà ìjọba Èkó da iṣẹ́ sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta nítorí owó oṣù tí a gé. Ẹ̀dùn ọkàn yìí sì ti pẹ́: nígbà tí àwọn òyìnbó dá ẹgbẹ́ dókítà ìjọba sílẹ̀ fún Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ní 1902, wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀ mọ́ àwọn ọmọ dúdú, àní ní ìgbà ayé irú akọni bí Dókítà Ògúntọ́lá Sàpárá, ẹni tí ó bá àrùn ṣọ̀pọ̀ná jà.

Síbẹ̀, owó nìkan kọ́. Dókítà kan tí ó jẹ́ ọmọ ìjọ sọ fún wa pé ohun tí ń dun òun jùlọ ni pé òun mọ ohun tí ó yẹ kí òun bi aláìsàn, ṣùgbọ́n àyè kò sí láti bi í. Iṣẹ́ kan ni a kọ́ ọ, iṣẹ́ mìíràn ni ó ń ṣe. Bí ó bá ṣiṣẹ́ mọ́jú, a tún máa ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ kejì. (Àwa àlùfáà a máa sùn lẹ́yìn ìsìn òwúrọ̀, ẹnikẹ́ni kì í sì bi wá léèrè.) Bí aláìsàn bá kú, àwọn ìbátan lè dìde lù ú. Ibùgbé rẹ̀ pàápàá lè pa á: ní ọjọ́ 1 oṣù kẹjọ ọdún 2023, ẹ̀rọ tí ń gbé ènìyàn gòkè já lulẹ̀ ní ilé àwọn dókítà ní Ilé Ìwòsàn Ìjọba Odan, ní Erékùṣù Èkó, ó sì pa ọ̀dọ́mọbìnrin dókítà kan tí ó kù díẹ̀ kí ó parí ọdún ìkọ́ṣẹ́ rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ nínú wa kì í dé Ìgándò rárá. Dókítà àdúgbò ni a ń lọ bá. A bi ọ̀kan nínú wọn léèrè ohun tí ó mú un dúró. Ó ní àwọn ọmọ tí òun gbẹ̀bí wọn ti ń gbé ọmọ tiwọn wá, kò sì sí ayọ̀ tí ó tó bẹ́ẹ̀. A tún bi í léèrè ohun tí ó lè mú un lọ. Ó ní epo ẹ̀rọ iná, àti gbèsè tí àwọn ènìyàn jẹ ẹ́. A bèèrè bóyá àwọn ọmọ ìjọ wa wà nínú wọn. Ó rẹ́rìn-ín, kò dárúkọ ẹnikẹ́ni.